Ìparí Ìwé Tí Ikán Jẹ

Lọ́jọ́ tí Hàfsátù kọ́kọ́ rí ìwé náà, kì í ṣe ìwé ló ń wá. Ìgbálẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Bàbá Ignatius Akínlẹ́yẹ, tó ni oko kòkó tí òun àti Wàsíù ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú lẹ́yìn Aládé, ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n palẹ̀ iyàrá ẹ̀yìn mọ́ ní ilé oko, kí àyè lè wà fún àpò kòkó. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò ti wọ iyàrá ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan wà níbẹ̀, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, àti páálí kan tí ikán ti kọ́lé sí nídìí. Hàfsátù fa páálí náà, ìdí rẹ̀ já, ìwé sì dà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti di iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀kan péré ló ṣì ní èèpo iwájú. Àwòrán obìnrin kan ló wà lára rẹ̀, ewé aláwọ̀ wúrà yí i lórí ká, ó dúró lẹ́nu ihò dúdú kan, ọkùnrin kan tó dé adé irin sì na ọwọ́ sí i láti inú ihò náà.

Hàfsátù jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ìwé náà dànù, ó sì ka ìlà àkọ́kọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó tún un kà. Nínú ọ̀rọ̀ mọ́kànlá tó wà níbẹ̀, mẹ́fà ló mọ̀.

Ọmọ Kìṣí ni. Ó pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́dún náà, ọdún kọkànlá rẹ̀ sì nìyẹn nínú igbó kòkó Ìdànrè. Wàsíù ló tẹ̀ lé wá, nígbà tí àwọn ará ilé wọn tó ti ṣáájú débẹ̀ sọ pé ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ á rí oko tọ́jú, pé bí wọ́n bá ta kòkó tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ti olóko, ìdá kan ni ti ẹni tó ṣiṣẹ́. Kó tó di ìyàwó, ó ti dé kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdírì. Bàbá rẹ̀ kú lójijì lọ́dún náà, ìwé sì dúró síbẹ̀. Kò fìgbà kankan sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dun òun. Ó kàn jẹ́ pé bí ó bá ra àkàrà tí wọ́n fi bébà pọ́n, yóò tẹ́ bébà náà, yóò kà á tán kó tó jù ú nù.

Nígbà tí Bàbá Ignatius dé oko lọ́jọ́ Sátidé, Hàfsátù kúnlẹ̀ kí i, ó sì mú ìwé náà jáde.

"Bàbá, mo rí èyí nínú páálí. Mo fẹ́ tọrọ rẹ̀ ni."

Ọ̀gá ilé-ìwé ni Bàbá Ignatius kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wo àwòrán iwájú rẹ̀, ó sì mi orí. "Ìwé Stephanie nìyí, ti ìgbà tó wà ní yunifásítì. Kò tiẹ̀ lè rántí pé òun fi í síbí mọ́. Ṣé wàá lè kà á?"

"Mà á kà á, sà."

"Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ."

"Mo rí i, sà. Mà á ka èyí tó kù."

Lọ́jọ́ ọjà, ó lọ sí Odòde, ó wá ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé rí, ó sì ra ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ní èèpo mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa dúró de ìmọ́lẹ̀, ìwé kan ní itan ọ̀tún, ìwé kejì ní itan òsì. Ojú ewé kan ló ń kà lójúmọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, á fi bírò fa ìlà sí i nídìí, á wá ìtumọ̀ rẹ̀, á sì tún gbólóhùn náà kà látòkè.

Wàsíù wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ràfíà, ta ló fẹ́ ṣe ìdánwò nínú ilé yìí?"

"Èmi ni."

"Ìdánwò wo?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ka ìwé kan dé ibi tó bá parí sí."

Wàsíù gbé àdá rẹ̀. "O ò tíì dáná o," ó ní, ó sì bọ́ sóko.

Hàfsátù pa ìwé dé, ó lọ dáná. Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná ṣáájú ìrun, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ìtàn náà tó là yé e. Ẹni tó kọ ìwé ọ̀hún ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ lòun ti fa tòun yọ. Àwọn èèyàn náà gbà pé ọba kan ń jọba lórí àwọn òkú nísàlẹ̀ ilẹ̀, Hédíìsì lorúkọ rẹ̀. Odò kan yí ìjọba rẹ̀ ká, arúgbó ọlọ́kọ̀ kan ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé òkú sọdá, ajá olórí mẹ́ta ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú ìwé tí Hàfsátù ń kà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mẹlínà, ọmọ opó kan tó ń dáko, sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ Hédíìsì pé kó dá ẹ̀mí àbúrò òun padà. Hédíìsì dá ọmọ náà padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná, ìfẹ́ ti wọ àárín òun àti Mẹlínà. Òfin kan sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá jẹ ohunkóhun nísàlẹ̀ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sókè mọ́. Omi nìkan ni Mẹlínà ń mu.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà ń bára wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́ máa ń jẹ́ kí Hàfsátù bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wo òun. Síbẹ̀, ẹni tó gbà á lọ́kàn jù ni ìyá Mẹlínà, tó ń dúró létí oko lójoojúmọ́, tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, tí ọkà sì ń gbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Hàfsátù wà ní Kìṣí. Ọdún mẹ́fà ni wọn ò ti fojú kanra.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kòkó. Àáró ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe, wọ́n á fọ́ ti ẹnì kan lónìí, wọ́n á fọ́ ti ẹlòmíì lọ́túnla. Màmá Jemima àti Ọláwùmí ló máa ń jókòó ti Hàfsátù. Ọmọ bíbí Ìdànrè ni Màmá Jemima, opó ni, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, oko rẹ̀ kékeré sì bá ti Bàbá Ignatius pààlà. Ọláwùmí fi ọdún mẹ́wàá kéré sí Hàfsátù. Ọkọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tí kò pè. Lọ́jọ́ náà, Ọláwùmí ń fi kóńdó fọ́ kòkó bí ẹni pé kòkó ló ṣẹ̀ ẹ́.

Hàfsátù ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò pè. Ló bá ní, "Ọláwùmí, ṣé kí n sọ ìtàn obìnrin kan tó lọ bá ọba àwọn òkú nílé?"

Ọláwùmí ò gbójú sókè. "Kí ló lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ó lọ gba àbúrò rẹ̀ padà."

"Ó sì gbà á?"

"Ṣe sùúrù ná."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ ọ́ dé etí odò. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ dé ibi tí ajá olórí mẹ́ta ti gbé orí kan lé Mẹlínà lẹ́sẹ̀, tí orí méjì yòókù ń gbó mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹta, ó dé ibi tí wọ́n ti gbé oúnjẹ wá. Nínú ìwé, èso pupa kan tí kò sí ní Ìdànrè ni Hédíìsì gbé síwájú Mẹlínà, ìwé atúmọ̀ èdè sì sọ pé kóró rẹ̀ pọ̀, pé ara kóró náà lèèyàn ń jẹ. Hàfsátù ò lè ṣàlàyé èso tí òun fúnra rẹ̀ ò rí rí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ìlàjì kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sókè, kóró inú rẹ̀ funfun, ó ń dán.

"Báyìí gan-an ni èso náà rí," ó ní. "Ọba là á sí méjì, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní, 'Bí o bá fi kóró kan péré sẹ́nu, tèmi lo dà yẹn.'"

Kóró kòkó wà lẹ́nu Ọláwùmí lọ́wọ́, ó ń fa omi dídùn ara rẹ̀ mu. Ẹnu rẹ̀ dúró. Màmá Jemima wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì gbà á. Ọláwùmí náà rẹ́rìn-ín títí ó fi tu kóró náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri. Àwọn obìnrin oko kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbi tí kò kàn wọ́n. Ibi tí èèyàn mẹ́fà ti máa ń fọ́ kòkó, ẹni mẹ́rìnlá ló ń jókòó síbẹ̀. Wàsíù ò rí nǹkan kan sọ sí i, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kan ń parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó kó lè kan, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ajá yẹn ńkọ́? Ṣé kò pa ọmọ náà jẹ?"

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé Hàfsátù ti ka ìwé náà dé ibi tó kù sí. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn gbé Mẹlínà dúró lẹ́nu ihò. Hédíìsì wà lẹ́yìn rẹ̀, kóró èso náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Láti òkè, Mẹlínà ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ikán ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ débẹ̀, ó padà sídìí kòkó fífọ́.

"Kí ló wá sọ?" ni Ọláwùmí bi í.

"Ibẹ̀ ni mo kà á dé. Ikán ló jẹ ìyókù."

Kò sẹ́ni tó fọ́ kòkó mọ́. Bí inú bá ń bí Màmá Jemima, èdè Ìdànrè paraku ló máa ń sọ, ìdajì rẹ̀ ni Hàfsátù gbọ́. Ṣùgbọ́n ó yé e pé ìyá náà ń sọ pé òun fi oko òun sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nítorí ìtàn yìí, pé kò sí irú ìyà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fi jẹ àgbàlagbà.

"Ẹ má bínú, Mà," ni Hàfsátù wí. "Ẹ fún mi láyè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mà á wá ìparí rẹ̀ wá fún yín."

Nẹ́tíwọ̀kì ò dé oko wọn. Ẹni tó bá fẹ́ pe fóònù ní láti gun àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Hàfsátù gba nọ́ńbà Stephanie lọ́wọ́ Bàbá Ignatius, ó so ìró rẹ̀ dáadáa, ó sì gun àpáta náà ní ọ̀sán gangan. Lọ́yà ni Stephanie, Àkúrẹ́ ló ń gbé. Ó ya ọmọbìnrin náà lẹ́nu nígbà tó gbọ́ ohun tó torí rẹ̀ pè.

"Ìyá Ràfíà, ẹ̀yin lẹ ka ìwé yẹn? Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo èyí tó kù, Àǹtí. Ìparí rẹ̀ ni mò ń wá."

"Ó ti pẹ́ gan-an. Mo ka irú wọn bí ogún nígbà yẹn. Mo rò pé ó jẹ èso náà, ó sì dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dúró. Wọ́n gbé adé lé e lórí."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá Mẹlínà, tó ń pè é."

"Mi ò rò pé wọ́n tún dárúkọ ìyá rẹ̀ mọ́ níbẹ̀."

Hàfsátù dúpẹ́, ó pa fóònù. Kò sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àpáta tó gbóná náà, ó ń wo orí igi kòkó nísàlẹ̀. Inú bí i sí ẹni tí kò mọ̀ rí, tó kọ ìwé ńlá bẹ́ẹ̀ tí kò rántí padà sọ́dọ̀ obìnrin tó fi sílẹ̀ létí oko. Nígbà tó fi máa dìde, ó ti mọ ohun tí òun máa sọ fún wọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tó dá fún wọn pé, wọ́n jókòó yí òkìtì kòkó ká, ó sì bá wọn sọ ọ́ tán.

"Mẹlínà ò jẹ èso náà. Ó ní, 'Ẹni tó bá fẹ́ mi á wá rí ìyá mi.' Hédíìsì ní òun ò dé òkè rí, pé oòrùn á fọ́ òun lójú. Mẹlínà ní, 'Fi aṣọ bojú, kí o di ọwọ́ mi mú.' Bí ọba àwọn òkú ṣe jáde nìyẹn, tí obìnrin ń fà á lọ́wọ́ bí afọ́jú. Nígbà tí wọ́n dé oko, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà nínú ebè. Ìyá náà jẹ́ kó wà nílẹ̀ títí òjìji fi yí. Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, 'Ìwọ lò ń jọba lórí wọn. Ó di ọdún kẹsàn-án tí ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Báwo ló ṣe wà?'"

Màmá Jemima gbé kóńdó rẹ̀ kalẹ̀.

Hàfsátù sọ ìyókù: bí ìyá náà ṣe fọwọ́ sí i, bí Mẹlínà ṣe jẹ kóró náà nínú ilé ìyá rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn pé kó máa gbé lọ́dọ̀ ọkọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì máa padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn obìnrin náà dùn, wọ́n ń dá sí i lọ́tùn-ún lósì. Màmá Jemima nìkan ni kò tíì gbé kóńdó rẹ̀ padà. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó béèrè pé:

"Kí lọba náà sọ fún un nípa ọkọ rẹ̀?"

Hàfsátù ò tíì ro ibẹ̀. "Ó ní ara rẹ̀ le, Mà. Ó ní ó ṣì máa ń béèrè oko."

"Ó dáa," ni Màmá Jemima wí. Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó sì gbé kóńdó rẹ̀.

Ọláwùmí ló tẹ̀ lé Hàfsátù dé ilé lọ́jọ́ náà. "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Èmi náà fẹ́ kà á."

Ó kọ ọ́. Láàárín oṣù kan ààbọ̀, ó ti kọ ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta kún, gbogbo ìtàn Mẹlínà láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ìparí tirẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí Stephanie wá ṣọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Aládé, ó bá bàbá rẹ̀ dé oko, Hàfsátù sì kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Stephanie jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó kà wọ́n tán lọ́jọ́ náà láìdìde.

"Ìyá Ràfíà, ẹ mọ̀wé kọ," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó pa ìwé dé. "Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí àwọn èèyàn lè rà á, kò ṣeé ṣe báyìí. Ẹnì kan ló ni ín."

"Ṣebí wọ́n ní ìtàn àtijọ́ ni."

"Hédíìsì kì í ṣe ti ẹnì kankan. Odò, ajá, arúgbó ọlọ́kọ̀, ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè lo gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n Mẹlínà àti àbúrò rẹ̀, àti ohun tí wọ́n sọ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan jókòó ronú kan ìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Kí ló wá jẹ́ tèmi níbẹ̀?"

Stephanie ṣí ìwé kẹta dé ẹ̀yìn. "Láti ibi tí ikán ti jẹ ẹ́ lọ. Àti kòkó."

Hàfsátù ka ojú ewé tó jẹ́ tirẹ̀. Mẹ́sàn-án ni.

Ó kó àwọn ìwé náà sílé, ó sì lọ ń yí kòkó títí ilẹ̀ fi ṣú. Wàsíù rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ti tán nìyẹn, ó sì sọ fún un pé kó má jẹ̀ẹ́ kó dùn ún jù, pé ó kúkú ti gbìyànjú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun, ó ya ojú ewé mẹ́sàn-án náà, ó di ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá, ó tì wọ́n sábẹ́ òrùlé, ó sì ṣí ìwé tuntun. Bí ìparí bá jẹ́ tòun, ó ní láti wá ọ̀nà tó dé ibẹ̀ tó jẹ́ tòun pẹ̀lú.

Ó pe ọmọbìnrin inú ìtàn tirẹ̀ ní Àsàbí, ọmọ obìnrin tó ń ṣe òrí nínú ìlú kan ní ọ̀dàn. Àsàbí ò ní àbúrò kankan tó kú. Bàbá rẹ̀ ló kú lójijì, tí kò dágbére, Àsàbí sì fẹ́ lọ bi í ní ìbéèrè kan péré. Ó rìn dé ilẹ̀ àpáta, ó rí ihò kan nídìí àpáta tó ga jù, ó wọlé. Odò ibẹ̀ dúdú, ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ arúgbó, Hédíìsì sì jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀ bí àwọn ará Gíríìsì ṣe sọ. Hàfsátù fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìyókù, inú orí ara rẹ̀ ló ti fà á yọ.

Ibi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló ti fẹ́ dá a lẹ́kun. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá kọ ọ́ ní Yorùbá, á dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Ó kọ ojú ewé mẹ́rin, ó fa gbogbo rẹ̀ ya. Lọ́jọ́ kan, bí Wàsíù ṣe ń pọ́n àdá, ó lọ jókòó tì í.

"Bàbá Ràfíà, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí mi, kí lẹ rò?"

Wàsíù wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo rò pé o máa yọ mí lẹ́nu."

"Kí ló dé tí ẹ wá padà wá?"

"Mi ò rí ibòmíì tí mo tún fẹ́ lọ."

Hàfsátù dìde, ó lọ kọ ọ́. Ohun tí Hédíìsì sọ fún Àsàbí létí odò nìyẹn, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Wàsíù kan tábìlì fún un. Pákó àga tó yẹ̀ ló fi ṣe é, ó mì díẹ̀, ó sì fi òkúta sí i lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ta kòkó ọdún náà tán, Wàsíù fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn máa lọ sí Kìṣí. Wọ́n lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Ìyá Hàfsátù ti rù, ojú rẹ̀ ò sì ríran bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lójú, lápá, lọ́rùn, kó tó sọ pé ó dára. Nígbà tí Wàsíù dọ̀bálẹ̀, ìyá náà jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Hàfsátù wo ibòmíràn kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ó lé ní ọdún kan kó tó kọ ọ́ tán. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò rí ìlà kan kọ, nítorí oko ni àkọ́kọ́. Ràfíátù ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, òjò pọ̀ jù, kòkó sì ń dúdú lórí igi. Síbẹ̀, kò sí oṣù tí tábìlì náà ṣófo. Ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà ló kó fún Stephanie nígbẹ̀yìn. Stephanie tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́ kóòtù, ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó sì pè é láti Àkúrẹ́ pé nǹkan méjì ló kù.

"Èso yẹn, Ìyá Ràfíà. Àwọn tó mọ ìtàn Gíríìsì á sọ pé kì í ṣe kòkó. Kòkó ò dé Gíríìsì láyé ìgbà yẹn."

"Hédíìsì náà ò dé Ìdànrè, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ kòkó."

"Ibi tí ìyá ti fi í sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà, ó gùn díẹ̀. Mo fẹ́ gé e kúrú."

"Ẹ má gé e," ni Hàfsátù wí láti orí àpáta. "Ìbínú ọdún púpọ̀ ló wà nínú obìnrin yẹn. Kò lè tètè ní kó dìde."

Stephanie ò gé e. Ìwé ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tẹ̀. Wàsíù gbé páálí rẹ̀ sórí ọ̀kadà láti Aládé, ó fi ọwọ́ kan dì í mú títí dé oko. Ọláwùmí gba ti ọwọ́ òkè. Ọkọ rẹ̀ ti padà nígbà náà, Ọláwùmí sì ń kà á sókè fún un lálaalẹ́ bó bá ti jẹun tán, yálà ó fẹ́ gbọ́ tàbí kò fẹ́. Àfáà tó ń darí ìrun wọn ní Aládé ránṣẹ́ pe Hàfsátù, ó bi í bóyá òrìṣà àwọn Gíríìsì ló ń bọ báyìí.

"Rárá, Àfáà. Ìtàn ni. Mi ò fi ìrun kankan sílẹ̀."

Àfáà ṣí ìwé náà wò, ó ka ojú ewé méjì láìjókòó. Ó ní kó fi í sílẹ̀, pé ìyàwó òun á fẹ́ rí i.

Títí di òní, ìwé bí ogójì ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Hàfsátù ṣì ń fọ́ kòkó, ó ṣì ń sá a. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí gun ọ̀kadà wá bá a láti ọ̀nà Ofosu, níbi tó ti ń ta búrẹ́dì fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin. Ọmọlará lorúkọ rẹ̀. Ó mú ìwé náà dání, ọ̀rá ni ó fi bo èèpo rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?" ó béèrè.

"Èmi ni."

"Mo ní ẹjọ́ kan láti bá yín rò. Arúgbó ọlọ́kọ̀ yẹn, tó ń gbé àwọn òkú sọdá. Ó ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣé kò ní ìyàwó ni? Ṣé kò fẹ́ ẹnikẹ́ni rí?"

Hàfsátù ń yí kòkó nínú oòrùn lọ́wọ́. Ó dúró. Nínú gbogbo ìgbà tó ti ń ka ìtàn náà, tó ń sọ ọ́, tó ń kọ ọ́, ìbéèrè yẹn ò wá sí i lọ́kàn. Ó tẹ́ àpò kan sórí àpáta fún àlejò rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ta lẹ rò pé ó fẹ́?"